Bí Awò Géèmù Ṣe Fìdí Múlẹ̀ ní Ìwàrò Ọ̀kà

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ fi iṣẹ́ ilé géèmù ṣe iṣẹ́ ayé yín, ẹ fà mọ́ mi kí ẹ gbọ́. Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà yín. Wọ́n ti sọ fún yín pé awò géèmù tí wọ́n ń dé bojú yìí, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní VR, kò lè rọ́wọ́ mú láyé. Wọ́n ní ẹni tó bá rà á yóò fi ṣeré fún ìgbà díẹ̀, yóò dá a padà sínú páálí, eruku yóò sì bò ó. Wọn kò purọ́. Mo mọ àwọn tó rà á tó rí bẹ́ẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá géèmù kan yóò pẹ́, èmi Màmá Géèmù ni kí ẹ wá bi, nítorí kò sí irú rẹ̀ tó wọ Àkókó tí n kò tú ìdí rẹ̀ wò. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọmọ mi ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ Ògbàgì àti Ìṣùà ń wọ mọ́tò wá dé awò níbẹ̀, èmi sì jókòó sórí àga mi. Bí mo bá fọ́nnu díẹ̀, ẹ fojú fò ó, mo ṣiṣẹ́ fún un.

Ọmọ Ọ̀kà ni mí, ṣùgbọ́n Ìkàrẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí mo parí sẹ́kọ́ńdírì, àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ kọ́ aṣọ rírán àti irun ṣíṣe. Èmi sọ fún bàbá mi pé àtúnṣe rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mo fẹ́ kọ́. Bàbá wò mí títí, wọ́n ní ṣé ọkùnrin ni mo fẹ́ dà ni. Màmá mi ló gbè mí lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí a san, ẹ jẹ́ kí n má fi yẹn ṣòfò àkókò yín. Wọ́n gbà mí, ó parí.

Àlááji Sùnmọ́nù ni ọ̀gá mi. Ọkùnrin gíga kan ni, ẹ̀rín rẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí òjò oṣù kìn-ín-ní. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan kò gbọdọ̀ ṣí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n láì kọ́kọ́ sọ pé Bísímílà. Bí o bá gbàgbé, yóò ní kí o da gbogbo súkúrúù padà, kí o bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Ó ní kí n pe Jésù tèmi nígbà náà, ó ní iná tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n kì í bi ènìyàn léèrè ibi tó ti ń kírun kó tó gbé e ṣánlẹ̀. Mo ń pe Jésù mi, mo sì ń tú súkúrúù. Títí di òní, n kì í fọwọ́ kan ohun tó ń lo iná láì pè é.

Nígbà tí géèmù orí tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ dé Ìkàrẹ́, ẹnì kan tó ti òkè òkun dé ló gbé èyí tó bàjẹ́ wá fún ọ̀gá mi. Nígbà tó tún un ṣe tán, ó lọ wá tirẹ̀ rà. Ó ya igun kan ṣọ́ọ̀bù sọ́tọ̀ fún un. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kó tó gbé tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀, káfíńtà ló kọ́kọ́ pè. Ó ní kó kan bẹ́ǹṣì gbọọrọ-gbọọrọ fún òun, ẹni tó bá sì jókòó síbẹ̀ kò ní san nǹkan kan. Mo bi í pé kí ló dé tí a fi ń fi àyè ṣòfò fún àwọn tí kì í ṣeré. Ó ní kí n lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí n kẹ̀yìn sí i, kí n máa wo ojú àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ̀yin ọmọ, ìyà jẹ mí. Ariwo ń sọ lẹ́yìn mi, wọ́n ń fò sókè, n kò sì gbọdọ̀ yí ọrùn. Bí ọrùn mi bá fẹ́ yí báyìí, ọ̀gá yóò fi ìdí súkúrú-dráfà gbá tábìlì, ara mi yóò gbọ̀n. Ó fi mí síbẹ̀ títí mo fi rò pé ó fẹ́ sọ mí di òpó ilé ni. Lọ́jọ́ kan, ó pè mí, ó ní kí ni mo rí. Mo ní mo rí i pé ènìyàn méjì ló ń ṣeré, ṣùgbọ́n gbogbo bẹ́ǹṣì ló ń làágùn. Mo ní ẹni tí wọ́n jẹ kì í lọ sílé, ẹ̀gbẹ́ ló ń jókòó sí, tí yóò máa kọ́ ẹni tó jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín ọ̀gá mi.

Ó ní, “Ẹni tó ń ṣeré ń jẹun lọ́wọ́. Ẹni tó ń wòran ni ebi ń pa. Má lé ẹni tí ebi ń pa kúrò ní ojúde rẹ láé, òun ni oníbàárà ọ̀la.”

Lẹ́yìn tí mo ṣe fírídọ̀mù, mo padà sí Ọ̀kà, mo gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìwàrò, nínú ilé Bàbá Tíṣà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá, alàgbà nínú ìjọ wa, olórí àdúgbò pẹ̀lú. Fìlà rẹ̀ kì í yẹ̀ lórí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀ lẹ́nu. Bó bá ń lọ sí ìpàdé àdúrà ní ìrọ̀lẹ́, yóò yà kí wa. Ẹ wá wo ilé géèmù mi nígbà yẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá ku díẹ̀ kó wọlé, tí Bàbá bá yọ sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ yóò dá géèmù dúró, gbogbo wọn yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá yóò súre fún wọn, yóò jáde, ìjà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Ìkàrẹ́ tó wá bá wa díje máa ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n dọ̀bálẹ̀.

Irinṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Kásẹ́ẹ̀tì ni a kọ́kọ́ lò, bí kò bá ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ yóò máa fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, itọ́ yóò sì bà á jẹ́ pátápátá. Síídì tẹ̀lé e. Wọ́n ń ha á, wọ́n ń fi ọṣẹ ìfọyín ra á, èmi ń tú ẹ̀rọ rẹ̀, mo ń nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni géèmù wọ inú fóònù, gbogbo ènìyàn sì ní tirẹ̀ lápò. Ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu ni fún iṣẹ́ wa. Ilé géèmù tó wà ní Ìkàrẹ́ ń di ṣọ́ọ̀bù POS, ó ń di ibi tí wọ́n ti ń ta ìpara. Ọkọ mi ti kú nígbà náà. Èmi àti Bùkọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ni a jọ ń wo ara wa lójú nínú ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ǹṣì sì wà lófìfo.

Bùkọ́lá kàwé kọ̀ǹpútà. Wọ́n fún un níṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ó ní rárá, iṣẹ́ ìyá òun ni òun fẹ́ ṣe. Ó kó gbogbo ohun tó ní jọ, ó fi ra awò géèmù. Ọjọ́ tó gbé e dé, èmi ni mo kọ́kọ́ dé e. Kí ni mo rí? Mo bá ara mi létí ọ̀gbun. Èmi tí mo dàgbà lórí àpáta Òkè Ọ̀kà, tí mo ń fi orí pọnmi gun òkè, mo di òpó ilẹ̀kùn mú, mo ń ké pe Jésù. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èrò wá bí omi. Lẹ́yìn náà wọ́n dáwọ́ dúró. Ẹkún ń gbọ̀n Bùkọ́lá, ó ní bóyá òótọ́ ni àwọn tó sọ pé nǹkan náà kò lè pẹ́. Mo ní kó fún mi láyè. Mo lọ dúró ní igun ṣọ́ọ̀bù, mo kẹ̀yìn sí ẹni tó dé awò, mo ń wo àwọn díẹ̀ tó kù lórí bẹ́ǹṣì. Ojú wọn kò mọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n rí kò ju ẹnì kan tó ń ju ọwọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ó ń jẹun níwájú wọn, wọn kò tilẹ̀ gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Mo bi Bùkọ́lá bóyá ohun tí ẹni tó dé awò ń rí lè hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ó ṣeé ṣe, òun ni kò kà á sí.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, bẹ́ǹṣì ti kún. Ẹni tó dé awò kò rí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń rí ohun tó ń rí, wọ́n sì ń pariwo fún un pé ó wà lẹ́yìn rẹ, tẹ̀ ba, tẹ̀ ba! Mo rán aṣọ pélébé tí a ń pààrọ̀ sójú awò, kí òógùn ẹnì kan má baà kan ẹlòmíràn. Ẹni tí òòyì ń kọ́, mo fún un ní atalẹ̀ jẹ, mo sì ní kó jókòó ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí, nínú yàrá ni awò géèmù ti ń kú. Nínú ilé tí ìyá ti ń rán ọmọ níṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, ta ló fẹ́ ráyè dé nǹkan bojú? Ibi tí ojú pọ̀ sí ló ti ń yè. Inú mi dùn nígbà yẹn, mo sì ń yan láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ.

Fẹ́mi, mẹkáníìkì ọ̀kadà, ló dé awò lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ṣẹ́ ló ń jà nínú géèmù. Ariwo inú rẹ̀ ti dí i létí. Ìrọ̀lẹ́ ni, Bàbá Tíṣà yà wọlé bí ìṣe rẹ̀. Gbogbo bẹ́ǹṣì dìde, wọ́n dọ̀bálẹ̀, èmi àti Bùkọ́lá kúnlẹ̀. Fẹ́mi nìkan ló dúró tó ń ju ẹ̀ṣẹ́. Bàbá sún mọ́ ọn láti wo ohun tó dé bá ọmọ yìí tí kò kí òun. Kí n tó lanu, Fẹ́mi ti ju ọwọ́ òsì, fìlà Bàbá sì fò lórí, ó bọ́ sílẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, ẹni tó ń bá jà lórí tẹlifíṣọ̀n ṣubú lulẹ̀. Fẹ́mi na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, “Mo ti gbé e ṣubú! Ta ló tún kù?”

Mo gbé fìlà náà, mo fi ìkúnlẹ̀ gbé e fún Bàbá. Bàbá kò gbà á. Wọ́n jáde láìdé fìlà, wọ́n sì rìn báyìí gba àárín àdúgbò kọjá. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Ohùn wọn kò le, èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní, “Ìyá Bùkọ́lá, ìkúùkù ọmọ kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé àgbà wọlé, ọmọ kò mọ̀. Ohun tó bá ń sọ ọmọ dà báyìí kò lè gbé inú ilé mi. Bí kò bá jáde kí oṣù yìí tó parí, ṣọ́ọ̀bù náà yóò jáde.”

Ọ̀kan náà ni méjèèjì fún wa. Bí a bá gbé awò kúrò, fóònù ti jẹ gbogbo ìyókù, Bùkọ́lá kò sì ní ohun mìíràn tó gbé ayé rẹ̀ lé. Fẹ́mi àti àwọn òbí rẹ̀ lọ dọ̀bálẹ̀. Pásítọ̀ wa bẹ̀bẹ̀. Bàbá dárí ji Fẹ́mi, wọ́n tilẹ̀ súre fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò ní ẹjọ́ pẹ̀lú ọmọ, ẹ̀rọ ni àwọn bá ní ẹjọ́. Nígbà tí a rí i pé ẹ̀bẹ̀ wa kò wọ̀ ọ́, Bùkọ́lá rántí pé bí àgbà bá kọ etí ikún, àgbà tó jù ú lọ là ń wá lọ. Ó gun òkè lọ bá Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Bàbá, tó pọ̀n ọ́n dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ìyá Àgbà ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, wọn kì í sọ̀kalẹ̀ mọ́. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹjọ́, wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ̀tọ́ Bàbá ni kí n fún Bàbá. Kí oṣù tó parí, wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ní tíṣà kì í fi máàkì sí iṣẹ́ tí kò kà. Wọ́n ní kí a gbé ohun náà wá kí àwọn fojú ara àwọn rí i. Bùkọ́lá mọ̀ pé Bàbá gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì dáadáa nígbà tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, eré yẹn ló sì yàn fún wọn. Ó rọra dé e fún wọn. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó sọnù. Wọ́n gbá èkejì, ó sọnù. Wọ́n gbá ẹ̀kẹta, ó wọlé.

Ká má parọ́, ara Bàbá dá ṣáká. Wọ́n fi ẹsẹ̀ kan síwájú, wọ́n ká apá agbádá, ọwọ́ wọn ń lọ ń bọ̀. Bẹ́ǹṣì kọ́kọ́ ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá gbá a gba igun tábìlì, Fẹ́mi kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó ní, “Baba, no shaking! Ẹ fún un!” Gbogbo ilé bú sáriwo. Bàbá ń dá a lóhùn láti inú awò pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀, ẹni yìí kò tíì rí nǹkan kan.

Àárín ariwo yìí ni a rí Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ-ọmọ wọn ló dì wọ́n lápá, òógùn ìsọ̀kalẹ̀ òkè wà lójú wọn. Bẹ́ǹṣì dìde, gbogbo ènìyàn wà nílẹ̀, ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá Tíṣà nìkan ló dúró, tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tó kẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó pọ̀n ọ́n dàgbà. Mo dìde láti ilẹ̀, mo na ọwọ́ láti fi kàn án léjìká.

Ìyá Àgbà gbé ọ̀pá wọn sókè. Wọ́n ní, “Mọ́ fọwọ́ kàn án. Ẹrù wà lórí ẹ̀. Ta ló ń ní kí arẹrù kúnlẹ̀?”

Ẹ wò ó, omijé bọ́ lójú mi. Ta ló dàgbà ní Ọ̀kà tí kò mọ̀ ọ́n? Bí o bá ru omi bọ̀ láti odò, tí o pàdé àgbà lójú ọ̀nà òkè, ẹnu lásán lo fi ń kí i, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì sọ pé má kúnlẹ̀, kí omi má dànù. Ọdún mélòó ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ yìí kò wá sí mi lọ́kàn. Bàbá gbọ́ pé ilé dákẹ́ jù, wọ́n ṣí awò lójú, wọ́n sì rí ẹni tó wà lẹ́yìn wọn. Àgbàlagbà ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, fìlà wọn yí lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Ìyá Àgbà ní kí wọ́n dìde. Wọ́n ní, “O ò jẹ̀bi. Ọmọ ọjọ́sí náà ò jẹ̀bi.”

Bàbá jókòó, wọ́n dé fìlà wọn padà. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ padà sí wọn lẹ́nu. Wọ́n ní láti òní lọ, ẹni tó bá ń wọ ilé yìí kó ké àgò. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti ẹni tó dé awò, kó sọ fún un pé lágbájá ti dé. Yóò fi ẹnu kí i, bó bá sọ ẹrù kalẹ̀ ni yóò dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò bá tẹ̀ lé e, òun ni yóò jáde, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Bùkọ́lá ṣubú lé mi láyà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbà kò tíì jókòó ní gbogbo ìgbà yìí. Ojú wọn wà lára awò tó wà lórí tábìlì. Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n ká a róbótó fún ọmọ-ọmọ wọn mú, wọ́n na orí síwájú sí Bùkọ́lá.

Wọ́n ní, “Gbé e rù mí.”